Ẹ Wọn Ojú Kọ̀ǹpútà Kí Ẹ Tó Dá Òǹkàwé Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ti Soclogbo dé, láàárín àwọn òkè Dassa-Zoumè ní orílẹ̀-èdè Benin. Ìdáàṣà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Mo fẹ́ mọ èyí tó rọrùn fún wọn láti kà: àkọtọ́ tiwa tó ń lo ẹ àti ọ, àbí ti Benin tó ń lo ɛ àti ɔ. Mo to àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú ètò kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́, ní póìntì 12, mo sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré mi lọ.

Bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ka ɛ àti ɔ láìkọsẹ̀. Nígbà tó kan tiwa, ó ń ka ẹ bí e, ó ń ka ọ bí o. Mo yára kọ ọ́ sílẹ̀ pé àkọtọ́ wa ṣòro fún wọn. Bàbá ní kí n kọ ọ́ sórí ìwé. Mo kọ ọ́, wọ́n sì kà á já. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, n kò rí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn." Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ni mo dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Kí ló fà á? Póìntì 72 ló wà nínú ínṣì kan, nítorí náà póìntì 12 jẹ́ mìlímítà 4.2 lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ètò àtijọ́ kò mọ bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe fẹ̀ tó. Iye píksẹ́lì, ìyẹn àwọn tóótòòtó ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀, nìkan ló mọ̀. Ó kàn ń méfò ìyókù ni. Macintosh 1984 gbà pé 72 ló wà nínú ínṣì kan, Windows gbà pé 96 ni. Bí Windows ṣe sọ póìntì 12 di píksẹ́lì 16 nìyẹn. Lórí mọ́nítọ̀ ínṣì 15 tó ní píksẹ́lì 1024 lórí 768, mìlímítà 4.8 ni 16 yìí. Lórí ínṣì 10.1 tó ní 1024 lórí 600, bíi tèmi, mìlímítà 3.5 ni. Píksẹ́lì kan níbẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ. Àmì abẹ́ ẹ ló kọ́kọ́ ń bọ́ mọ́ni lójú. Ɛ kò ní àmì tó lè sọnù.

Ẹnìkan lè ní kọ̀ǹpútà á kúkú bi mọ́nítọ̀ léèrè. Òótọ́ ni. Ní 1994 ni ẹgbẹ́ VESA gbé ìlànà EDID jáde, tí mọ́nítọ̀ fi ń sọ ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò àtijọ́ ló ń béèrè. Projẹ́tọ̀ ẹ̀wẹ̀ lè fi òdo dáhùn, torí kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Láti ìgbà Vista ní 2007, Windows tiẹ̀ lè sọ fún ètò àtijọ́ pé 96 ṣì ni, kó wá fẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́yìn láìjẹ́ kó mọ̀.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ àwọn oní-kọ̀ǹpútà nìyí, kí ló kàn wá? Ó kàn wá. Bí a bá kọ ọ́ sínú àpilẹ̀kọ pé àwọn ará Soclogbo kò lè ka ẹ àti ọ, ẹlòmíràn á fi ṣe ẹ̀rí nígbà tí wọ́n bá ń jiyàn lórí àkọtọ́ tí a ó fi kọ́ ọmọ wọn. Ojú kọ̀ǹpútà ló ṣẹ̀, abẹ́nà ìmọ̀ wa ló jẹ̀bi.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Káàdì ATM fẹ̀ ní mìlímítà 85.6 níbi gbogbo. Ẹ gbé e lé ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ ka iye píksẹ́lì tó bò, ẹ ó mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Rúlà náà á ṣe é. Kí ẹ sì kọ ìwọ̀n lẹ́tà sínú ìwádìí yín ní mìlímítà, kì í ṣe ní póìntì, pẹ̀lú bí ojú òǹkàwé ṣe jìnnà sí ẹ̀rọ tó. Èmi ti fa èsì tèmi ya. N óò padà lọ bá bàbá, tèmi ti rúlà.