Òkè Lẹ Wò, Ẹ Ò Wo Ìsàlẹ̀

Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwa tí a ní ráútà nínú ilé, tí àwọn ọmọ wa ń fi kọ̀ǹpútà gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹni tó wà lókè òkun, àwa ni amúkùn-ún ń bá wí. Bí agbábọ́ọ̀lù inú géèmù bá ṣàdédé gan síbi kan bí ère, tí ó tún wá sáré bí ẹni tí wọ́n ta lọ́fà, kí là ń sọ? "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti tún bẹ̀rẹ̀ o!" A ó bú ilé-iṣẹ́ tó ń tà á fún wa, lẹ́yìn náà a ó tún lọ san owó tó pọ̀ sí i fún ilé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́: ìwà òmùgọ̀ ni. Mo sì lẹ́nu láti wí i, nítorí èmi ni mo ṣáájú.

Ní ilé wa ní Súrùlérè, alaalẹ́ ni ọmọ mi ọkùnrin ń pariwo. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, "Ètò tí ẹ̀ ń lò ló kéré, sà. Ẹ jẹ́ ká gbé yín sórí èyí tó tóbi." Mo san án. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi san ìlọ́po méjì, géèmù ò sì yé há. Ni mo bá kọjú sí ọmọ. Mo ní òun ló ń fi dátà wo ìwòkuwò lóru, mo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi bá mi sọ ju "Ẹ káàárọ̀, sà" lọ. Ìyá rẹ̀ kò sì gbè lẹ́yìn mi.

Irọ́ wo ni wọ́n pa fún mi? Ohun tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń fi Mbps kà, fífẹ̀ ọ̀nà ni. Ohun tí géèmù ń fẹ́ ni pé kí iṣẹ́ tí a rán tètè dé, kí ó sì máa dé bákan náà nígbà gbogbo. Fíìmù lè bu omi sínú àmù sílẹ̀; bí ẹ̀rọ omi bá dá díẹ̀, ẹ ó ṣì rí mu. Ta ló lè bu gólù tí ẹnìkan kò tíì gbá sínú àmù? Géèmù kò tilẹ̀ jẹun púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kì í lò tó 1 Mbps nígbà tí a bá ń ta á lọ́wọ́. Ẹni tó ní 20 tó lọ ra 100 nítorí géèmù nìkan, bàtà mẹ́wàá ló rà fún ẹsẹ̀ méjì.

N ò sọ pé ẹjọ́ ilé nìkan ni o. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ inú okùn abẹ́ òkun sì ń sá nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ kò lè dín sí ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá, bó ti wù kí ẹ sanwó tó. Nígbà tí àwọn okùn wọ̀nyẹn já ní etíkun Ivory Coast ní oṣù Kẹta ọdún 2024, gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹ bú ẹni tó bá wù yín.

Ṣùgbọ́n tiwa ńkọ́? Ọmọ náà ló tú àṣírí. Nígbà tí mo dá kọ̀ǹpútà padà, ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó ṣí ojú-ìwé dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó kọ ping -t, ó sì fi àdírẹ́sì ráútà wa tì í, 192.168.0.1. (Tiyín lè yàtọ̀, ẹ tẹ ipconfig, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Default Gateway sí.) Iṣẹ́ ọwọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Mike Muuss, ni ping, oṣù Kejìlá ọdún 1983 ló kọ ọ́, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń pe ráútà, ó ń ka bó ṣe pẹ́ tó kí ráútà tó dáhùn. 2, 3, 2, 2. Ìyá rẹ̀ gbé ọbẹ̀ sínú máíkíròwéfù. 180. 340. Kò tilẹ̀ dáhùn mọ́. Máíkíròwéfù dún "pín-ìn", ó dákẹ́: 3, 2, 2.

Háà! Ráútà náà wà ní pálọ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́jọ lọ sí wa. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wo ló wà láàárín?

Nǹkan bí 2.45 GHz ni máíkíròwéfù ń lò, 2.4 GHz sì ni ọ̀nà tí wáìfáì tiwa ń tọ̀. Àwọn aládùúgbò náà wà lójú ọ̀nà yẹn. Nínú gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀, mẹ́ta péré, 1, 6 àti 11, ni a lè jọ lò tí wọn kò ní gun ara wọn lẹ́sẹ̀. Ilé wa sì ní fúláàtì mẹ́fà, ráútà mẹ́fà. Bí ìpàdé ni: lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan, ẹyọ ẹnìkan ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá forí gbárí pẹ̀lú ti ẹlòmíràn á tún un sọ. Títún-un-sọ yẹn ni agbábọ́ọ̀lù fi ń gan. Ọ̀nà 5 GHz mọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ògiri búlọ́ọ̀kù kì í pẹ́ dá a dúró. Mo ra wáyà mítà 15, a fi so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà tààrà. Owó rẹ̀ kò tó àlékún tí mo san lóṣù kan.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Wáyà ti wà níbẹ̀, síbẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, géèmù á tún há. Ọmọ náà ń pe ráútà, ó tún ń pe 8.8.8.8, ẹ̀rọ Google tó wà níta. Ti ráútà dúró jẹ́ẹ́, ti ìta ń fò. Mo pariwo, "Ó tán! Ilé-iṣẹ́ nìyẹn!" Ó ní, "Dádì, ẹ mú fóònù yín wá." Ẹ gbà mí o. Fídíò òde àríyá ọjọ́ Sátidé ni fóònù mi ń kó lọ sí Google ní kété tó bá ti rí wáìfáì ilé. Ọ̀nà àtirán nǹkan jáde tóóró, fídíò ti tò síbẹ̀ lọ rẹrẹ, iṣẹ́ kékeré tí géèmù rán sì ń dúró lẹ́yìn wọn. Èmi gan-an ni olè tí mo ń lé láti oṣù mẹ́ta! A sún un sí aago méjì òru, ó sì tán síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fóònù ní àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí, ṣé ìbéèrè kan ṣoṣo pọ̀ jù ni? "Sà, ṣé ẹ ti fi wáyà dán an wò?" Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá bèèrè, ọjà ò ní tà.

Ìyá rẹ̀ ní wáyà ti ba pálọ̀ òun jẹ́, mo sì ti ṣèlérí pé n ó kàn án mọ́ ẹsẹ̀ ògiri. Mo ti dá ètò náà padà sí èyí tó kéré. Ọmọbìnrin olóhùn oyin tún pè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní èyí tó tóbi jùyẹn lọ ti jáde. Mo gbé fóònù fún ọmọ mi.