Kí Olórin Kọ Ohun Tí Ojú Rẹ̀ Rí

Ó ti di àṣà láàrin wa pé nígbàkúùgbà tí ìbò bá ń bọ̀, tàbí tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń ṣe àjọ̀dún, orin kan náà ni a ń gbọ́: ayé ti bàjẹ́, ìlú le, àwọn olórí kò ṣàánú mẹ̀kúnnù. Òtítọ́ ni orin náà ń sọ, àwọn ènìyàn a sì pàtẹ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ilé, wọn a ti gbàgbé rẹ̀. Èrò tiwa ni pé orin tí ènìyàn fi ro ọ̀ràn tí ó bá òun tìkára rẹ̀ ní ń wọni lára jù.

Ẹ jẹ́ kí a wo Igbemo-Èkìtì, ìlú tí òkìkí ìrẹsì rẹ̀ kàn káàkiri. Bí obìnrin kan níbẹ̀ bá kọ ọ́ lórin pé nǹkan kò rọrùn fún àgbẹ̀, ta ni yóò jiyàn? Ta ni yóò sì dìde? Ṣùgbọ́n bí ó bá kọrin ìrẹsì tí òun fi gbogbo òru sè, tí òun sá sí ẹ̀bá títì nítorí pé kò sí ibòmíràn, tí òjò sì pa á títí ó fi bàjẹ́, ẹni tí ó gbọ́ yóò béèrè pé: èéṣe tí kò fi sí ibi tí a lè máa sá ìrẹsì? Olórí kò lè fi ẹ̀rín dá ìbéèrè yẹn lóhùn.

Àwọn kan yóò wí pé ẹkún ara ẹni lásán ni èyí, kò kan ìlú. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì, ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé Fela Aníkúlápó-Kútì ní Èkó, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, sísàlẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ní ọdún 1978 ni ìyá náà kú. Ìwádìí ìjọba ní ṣọ́jà tí a kò mọ̀ ni ó dáná sun ilé náà. Ṣáájú èyí, Fela ti kọ Zombie, ó fi gbogbo ṣọ́jà ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jó. Ṣùgbọ́n nínú Unknown Soldier, ọdún 1979, ọ̀ràn ilé rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ni ó rò. Ẹni tí ó rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ wá rántí pé òun náà ní ìyá. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi orin àkọ́sórí nìkan kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohùn Èkìtì kọ ohun tí wọ́n rí nílé àti lóko. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ fi orin èébú sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tí ìyà jẹ kọ orin tirẹ̀. Kìkì pé kí ó jẹ́ òtítọ́, kí ó má sì tú àṣírí aládùúgbò. Ẹni tí ó bá sọ ti ara rẹ̀ dáadáa ti bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ tiwọn.