Àkántì Ìyá Àgbà: Ọwọ́ Ta Ni Káàdì Yóò Wà?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti dàgbà dé ibi tí àwọn òbí àti òbí àgbà ti ń gbé ọ̀rọ̀ owó wọn wá bá wa. “Ìwọ ni o mọ̀wé, bá mi wò ó.” Ọ̀rọ̀ kúkurú ni, ṣùgbọ́n ẹrù ńlá ni. Èmi náà ru ẹrù yìí, mo sì kọ́kọ́ gbé e ṣubú.

Iléṣà ni ìyá tí ó bí ìyá mi ń gbé. Obì ni ó tà ní ọjà Atakúnmọ́sà fún ohun tí ó lé ní 40 ọdún. Ọ̀dọ̀ alájọ ni ó ń dá owó ojoojúmọ́ sí. Bí ó bá kó o ní ìparí oṣù, inú agolo kan lábẹ́ ibùsùn ni ó ń lọ. Ètò yìí kò já a kulẹ̀ rí, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn.

Àfi ìgbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde ní oṣù Kẹwàá 2022 pé wọn yóò pààrọ̀ owó ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Wọ́n kọ́kọ́ dá 31 oṣù Kìn-ín-ní 2023, wọ́n sì tún sún un di 10 oṣù Kejì. Nígbà tí mo fi dé láti Òṣogbo, ₦86,000 ni ó wà nínú agolo, owó àtijọ́ sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Láti ìdájí ni a ti tò sí iwájú báńkì kan kí a tó rí i san sínú àkántì ìyá mi, tí ìyá àgbà ẹni ọdún 77 jókòó sórí bíríkì nínú oòrùn. Lóòótọ́, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 3 oṣù Kẹta ọdún náà pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti bà wá. A ní ìyá àgbà gbọdọ̀ ní àkántì tirẹ̀.

Èmi ni wọ́n ní kí n yan èyí tí ó dára. Èyí tí ó dára fún èmi ni mo yàn: báńkì tí áàpù rẹ̀ yá, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì wà nítòsí ilé mi ní Òṣogbo. Fóònù onítẹ̀ kékeré ni ìyá àgbà ń lò, nítorí náà nọ́ḿbà ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ni a fi sílẹ̀. Òun náà ni a fún ní káàdì ATM, nítorí pé àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé.

Oṣù bíi mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà pè mí. Ó ní òun bèèrè ₦5,000 fún aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n sì bi òun léèrè ohun tí òun fẹ́ fi ṣe. Nígbà tí a tẹ àkọsílẹ̀ àkántì náà jáde, owó tí ó ti lọ láìsí ìmọ̀ rẹ̀ lé ní ₦40,000. Ọmọ náà kò sẹ́. Ó ní òun yá a ni.

Ohun tí ìyá àgbà sọ ni n kò lè gbàgbé. Òṣómàáló ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ó ní, “Àjọkẹ́, bàbá mi lóṣòó gba owó lọ́wọ́ onígbèsè. Kò lóṣòó gba owó ara rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rí.”

Nígbà tí a óò tún un yàn, ìbéèrè kan ni a fi ṣe òṣùwọ̀n: ǹjẹ́ ìyá àgbà lè dé ibi owó yìí fúnra rẹ̀, kí ó gbà á, kí ó sì mọ iye tí ó kù, láìbẹ ẹnikẹ́ni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irú àkántì. Àkántì ìfowópamọ́ ni kí ẹ bèèrè, kì í ṣe kọ́rẹ́ńtì. Lórí kọ́rẹ́ńtì, báńkì lè yọ ₦1 lórí ₦1,000 kọ̀ọ̀kan tí oníbàárà bá ná jáde. Èyí kò sí lórí ìfowópamọ́, èlé sì ń gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gba owó ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóṣù, èlé oṣù náà lè bọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni ìyá àgbà ń lọ.

Ti ìwé ńkọ́? Láti 2013 ni Báńkì Àpapọ̀ ti pín àkántì sí ìpele mẹ́ta, kí ẹni tí kò ní ìwé púpọ̀ má baà wà níta. Ìpele kìn-ín-ní kò bèèrè ìwé owó iná. Òfin tí ó jáde ní oṣù Kejìlá 2023 ni pé ó gbọdọ̀ ní NIN tàbí BVN. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ èyí, nítorí pé ìlà ìka àwọn àgbà a máa pa rẹ́. Nígbà tí a ń ṣe ti ìyá àgbà, léraléra ni ẹ̀rọ kọ àtàǹpàkò rẹ̀. A fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ọwọ́ náà, a nù ún gbẹ, a sì fi sùúrù tún un gbìyànjú.

Báńkì wo wá ni? Ẹ̀rù ń ba ìyá mi pé báńkì kékeré lè kú. Kò jayò pa. Ní 3 oṣù Kẹfà 2024, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Heritage Bank, báńkì ńlá ni òun náà. Ṣùgbọ́n àjọ NDIC ń dójú tòfò owó oníbàárà. Láti oṣù Karùn-ún 2024, ó ti gbé ààbò náà láti ₦500,000 sí mílíọ̀nù 5 náírà ní báńkì ńlá, àti láti ₦200,000 sí mílíọ̀nù 2 ní báńkì microfinance. Bí báńkì bá ti ní ìwé àṣẹ, owó ìyá àgbà kò kọjá ààbò náà níbikíbi. Nítorí náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó yan báńkì: èyí tí ọ̀kadà kan gbé e dé, tí àga wà níbẹ̀, tí òṣìṣẹ́ sì ń fi Yorùbá ka iye owó sí i létí.

A kò gba káàdì. Kì í ṣe nítorí ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Nítorí ẹni tí yóò mú un lọ́wọ́ ni. Ìka ni ó ń tẹ̀ níwájú òṣìṣẹ́ tí ó ń wo àwòrán rẹ̀. Nọ́ḿbà tirẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń wọlé sí, mo sì ń kà á fún un ní gbogbo Sátidé.

Ohun kan kù tí àwọn ẹbí kì í fẹ́ gbọ́. Orúkọ ìbátan tí a kọ sínú fọ́ọ̀mù báńkì kò sọ ẹni náà di ajogún. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, ilé ẹjọ́ gíga ni ẹbí yóò ti gba ìwé àṣẹ ìpín ogún. Ẹ bá àwọn àgbà yín sọ ọ́ nígbà tí ohùn wọn ṣì dún ketekete.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà kò fi alájọ sílẹ̀, a kò sì ní kí ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí mo bá a lọ sí báńkì gbẹ̀yìn, ó ní kí n jókòó sẹ́yìn. Ó gba ₦10,000, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó so ó mọ́ etí ìró. Kò sọ ohun tí ó fẹ́ fi ṣe fún mi, n kò sì bèèrè.

Ìwọ ńkọ́, ọwọ́ ta ni káàdì ìyá rẹ wà?