Kí A Tó Dá Ọwọ́ Káfíńtà Lẹ́bi, Kí A Wo Tírígà Rẹ̀

Bí ìṣó bá gún káfíńtà lọ́wọ́, ẹjọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ dá. Àwọn tó wà nítòsí á ní kò fọkàn sí iṣẹ́, ọ̀gá á ní òun ti kìlọ̀ fún un tó, ẹni tó fara pa pàápàá á sì gbà pé àìfura òun ló fà á. Níbi tó bá jẹ́ òòlù ni irinṣẹ́, ìdájọ́ yìí lè jọ òótọ́, nítorí ọwọ́ ló ń gbé òòlù sókè, ọwọ́ náà ló sì ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ìbọn ìṣó bá ti gba ipò òòlù, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Irinṣẹ́ yìí ní ètò tirẹ̀ tó fi ń mọ ìgbà tí ìṣó yóò jáde, inú tírígà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sí i lára ni ètò ọ̀hún sì wà. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ fi hàn pé irú tírígà tí a bá gbé fún òṣìṣẹ́ máa ń sọ bí ewu ìpalára rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó, kódà bí a bá ti ka ẹ̀kọ́ àti ìrírí rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọ̀gá bá ń ra irinṣẹ́ ló yẹ kí ààbò ti bẹ̀rẹ̀, kí ìkìlọ̀ tó dé etí ọmọ iṣẹ́.

Ìbọn ìṣó tó wọ́pọ̀ jù kì í lo ẹ̀tù. Atẹ́gùn tí ẹ̀rọ ti fún pọ̀ ló ń lò, irú èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà, róbà gígùn kan ló sì ń gbé atẹ́gùn náà wá sí ìdí ìbọn. Àwọn ìṣó inú rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn nínú àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, bébà, wáyà tàbí ike ló so wọ́n pọ̀. Ohun méjì ló gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ìṣó kan tó jáde: imú ìbọn gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan, ìka sì gbọ́dọ̀ fa tírígà. Ohun tó ya irú tírígà kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni èwo nínú méjèèjì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Nínú irú kìíní, tí a lè pè ní àfarakàn, kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú: bí ìka bá ti fa tírígà mú, gbogbo ohun tí imú ìbọn bá fara kàn ni yóò gba ìṣó, ìbáà ṣe pákó, ìbáà ṣe orúnkún. Nínú irú kejì, tó jẹ́ ẹlẹ́sẹẹsẹ, imú ìbọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tẹ pákó kí ìka tó fa tírígà. Kí ìṣó mìíràn tó lè jáde, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé imú kúrò, kó tú ìka sílẹ̀, kó sì tún un bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ojú lásán kì í sábà dá irú méjèèjì mọ̀, nítorí òde wọn jọra.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àfarakàn ṣe ń ṣe èèyàn ní jàǹbá. Káfíńtà kan wà lórí àkàsọ̀, ó ń kan pákó òrùlé. Ó kan ìṣó kan tán, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó sún àkàsọ̀ síwájú, ìka rẹ̀ sì wà lórí tírígà síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìka máa ń sinmi sí bí èèyàn bá gbé irinṣẹ́ wúwo dání. Bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àtẹ̀gùn kan bọ́ sí òmíràn, imú ìbọn gbá a nítan, ìṣó sì ti wọlé kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn, ìbọn ló máa ń ta padà lẹ́yìn ìṣó àkọ́kọ́. Ìka kò tíì kúrò lórí tírígà, imú ìbọn tún balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìṣó kejì tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ sì jáde. Ó lè bá orí ìṣó àkọ́kọ́, kó yí dà, kó sì fò lu ẹni tó dúró nítòsí. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, kò sí ohun tí káfíńtà náà ṣe tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ní àìmọye ìgbà lójúmọ́. Ká ní ẹlẹ́sẹẹsẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, itan rẹ̀ ì bá kan imú ìbọn lásán ni, ìbọn tó ta padà kò sì níí rí ìṣó kejì yìn.

Amẹ́ríkà ni ẹ̀rí ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pákó ni wọ́n fi ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé gbígbé wọn, ìbọn ìṣó sì ti di irinṣẹ́ ojoojúmọ́ níbẹ̀. Ní 2007, CDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera ará ìlú, gbé ìṣirò kan jáde pé láàárín 2001 sí 2005, nǹkan bí 37,000 èèyàn ni wọ́n ń gbé lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lọ́dọọdún nítorí ìbọn ìṣó. Bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún wọn ló fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àwọn yòókù sì jẹ́ ẹni tó ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Hester Lipscomb ti Yunifásítì Duke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà tọ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà lọ ní agbègbè St. Louis, wọ́n sì bi wọ́n léèrè irú tírígà tí wọ́n ń lò àti ìpalára tí wọ́n ti ní. Nígbà tí OSHA àti NIOSH, àwọn àjọ tó ń bójú tó ààbò lẹ́nu iṣẹ́, tẹ ìwé ìtọ́ni kan jáde fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ní 2011, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé méjì nínú ọmọ iṣẹ́ márùn-ún tó ń kọ́lé gbígbé ni ìbọn ìṣó ṣe léṣe láàárín ọdún mẹ́rin, àti pé ewu tó wà nínú àfarakàn tó ìlọ́po méjì ti ẹlẹ́sẹẹsẹ. Àwọn olùwádìí náà ti ka ìrírí òṣìṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ tó gbà mọ́ ọn kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò ṣeé sọ pé àwọn aláìmọ̀ṣẹ́ nìkan ló ń lo àfarakàn.

Àtakò àkọ́kọ́ ni ti àwọn tó gbà pé ìfura loògùn àgbà, pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè lo irinṣẹ́ yòówù kó jẹ́. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ìwádìí tí a mẹ́nu bà yìí pàápàá fi hàn pé ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ní ìlànà kó tó di ìbọn ìṣó mú kì í fara pa tó ẹni tí wọ́n kàn gbé e fún. Nígbà tí ẹ̀kọ́ àti ẹlẹ́sẹẹsẹ sì jọ pọ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ wọ̀nyẹn láti 2005 lọ, ìpalára dín kù gan-an. Síbẹ̀, láàárín ọdún tí ó ń dín kù yìí náà, àwọn tó ń lo àfarakàn ṣì ń fara pa ní ìlọ́po méjì ju àwọn yòókù lọ. Ìfura ènìyàn kì í dúró sójú kan. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, oòrùn á pa á, ẹnìkan á pe orúkọ rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì kúrò lára iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tírígà ẹlẹ́sẹẹsẹ kò mọ àárẹ̀. Ẹni tó bá sì gbà lóòótọ́ pé ìfura loògùn àgbà yẹ kó gbà pé àgbà tó fura ni èyí tó ti ronú kan ọjọ́ tí ìfura yóò yẹ̀, tó sì ra irinṣẹ́ tí yóò dúró dè é lọ́jọ́ náà.

Àtakò kejì ló máa ń wúwo jù lẹ́nu àwọn agbaṣẹ́ṣe: wọ́n ní ẹlẹ́sẹẹsẹ ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, owó sì ni àsìkò. Òótọ́ ni pé ẹni tó fa tírígà mú, tó kàn ń gbá imú ìbọn mọ́ pákó láti orí dé ìdí, yóò tètè tán ju ẹni tó ń fa tírígà fún ìṣó kọ̀ọ̀kan. Lipscomb àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ etí dídi sí ẹjọ́ yìí, wọ́n dán an wò. Wọ́n ní kí káfíńtà mẹ́wàá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kọ́ ilé pákó kéékèèké tó bára wọn mu, kí wọ́n fi àfarakàn kọ́ ọ̀kan, kí wọ́n fi ẹlẹ́sẹẹsẹ kọ́ èkejì. Èsì rẹ̀ jáde ní 2008. Àfarakàn fi bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín àsìkò ìṣó kíkàn kù, ṣùgbọ́n bí a bá fi àsìkò wíwọn pákó, gígé, gbígbé àti títò kún un, èrè náà kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àsìkò tí wọ́n fi kọ́ ilé. Ẹni tó di irinṣẹ́ mú ló sì ń sọ bí iṣẹ́ yóò ṣe yá ju irú tírígà tó wà lára rẹ̀ lọ. Ọ̀gá tó ń ṣírò èrè díẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ ṣírò ọjọ́ tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ yóò fi wà nínú báńdéèjì pẹ̀lú owó ilé ìwòsàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú níí le koko mọ́ni lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn á ní ìṣó kì í pa èèyàn, pé kí ẹni tó gún fà á yọ, kó fi aṣọ wé e, kó máa báṣẹ́ lọ. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe ohun mímì fún adìyẹ. Ìwé ìtọ́ni 2011 yẹn sọ pé ó lé ní ìdajì ìpalára ìbọn ìṣó tó jẹ́ ti ọwọ́ àti ìka, àti pé ìdá kan nínú mẹ́rin ìpalára ọwọ́ wọ̀nyí ló ń ba iṣan, oríkèé tàbí egungun jẹ́. Ọwọ́ tí iṣan rẹ̀ bà jẹ́ lè má lè di ayùn mú mọ́. Ìṣó ìbọn tún lè ní eyín lára kí ó má baà tú kúrò nínú pákó, eyín náà lè ya ẹran ara àti egungun bí wọ́n bá fipá fà á yọ. Ike tàbí wáyà tó so ìṣó pọ̀ sì lè ṣẹ́ kù sínú ọgbẹ́ pẹ̀lú aṣọ tí ìṣó gún kọjá, kó wá kẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí wọ́n fi ìṣó tó bá wọlé sára sílẹ̀ níbi tó wà, kí wọ́n gbé èèyàn náà lọ sílé ìwòsàn, kí dókítà ya fọ́tò egungun rẹ̀ kó tó yọ ọ́, kí wọ́n sì wò ó bóyá ó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ orí, ọrùn tàbí àyà ni, ẹni tó bá fà á yọ níbi iṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹlẹ́sẹẹsẹ yóò pa gbogbo ewu rẹ́. Kò lè dá ìṣó tó bá kókó igi tàbí irin pàdé dúró kó má yí dà, kò lè dí èyí tó gun pákó pẹlẹbẹ já sí òdìkejì lọ́wọ́, kò sì lè gba ọwọ́ tó di pákó mú sítòsí imú ìbọn. Ìlànà iṣẹ́ ni yóò gba ìyókù: kí ọwọ́ kejì jìnnà sí ibi tí ìṣó yóò gbà tó gígùn rúlà ọmọ ilé ìwé, ìyẹn íǹsì 12, kí wọ́n yọ róbà atẹ́gùn kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìṣó tó há, kí ẹnikẹ́ni má tú sípíríǹgì imú ìbọn láti mú iṣẹ́ yá, kí gíláàsì tó dára wà lójú, kí akoto sì wà lórí. Níbi tí ààyè bá ti há, kí òòlù padà sẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ gbogbo ìlànà wọ̀nyí ń fẹ́ kí èèyàn rántí wọn nígbà gbogbo, tírígà nìkan ni kò dúró de ìrántí ẹnikẹ́ni. Èyí ló fi yẹ kó ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Yorùbá. Lóòótọ́, búlọ́ọ̀kù la fi ń kọ́lé, òòlù sì ni ọ̀pọ̀ káfíńtà fi ń kan òrùlé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe àga onítìmùtìmù àti kọ́bọ́ọ̀dù ti ń lo ìbọn ìṣó kéékèèké, èyí tó jẹ́ tòkunbọ̀ nínú wọn sì lè dé láìsí ìwé ìtọ́ni. Ọmọ iṣẹ́ tó ń dúró de frídọ́ọ̀mù kò ní ẹnu láti sọ fún ọ̀gá pé irinṣẹ́ yìí kò dáa, bó bá sì fara pa, ó lè fi ọgbẹ́ pamọ́ kí wọ́n má baà bú u. Òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tí Nàìjíríà ṣe ní 2010 ka ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù etí títì tí kò forúkọ sílẹ̀ kò sí nínú ìwé àwọn tó ń san owó náà. Ọwọ́ ọ̀gá àti ẹgbẹ́ káfíńtà ni ojúṣe ààbò ọmọ iṣẹ́ wà nígbà náà. Ó rọrùn láti dá ìbọn tí a fẹ́ rà mọ̀: kí wọ́n kó gbogbo ìṣó inú rẹ̀ kúrò, kí wọ́n so róbà mọ́ ọn, kí wọ́n fa tírígà mú, kí wọ́n wá tẹ imú rẹ̀ mọ́ pákó àlòkù. Bó bá dún, kì í ṣe ẹlẹ́sẹẹsẹ. Ẹgbẹ́ tó lè dá iye tí ọmọ iṣẹ́ yóò san fún frídọ́ọ̀mù lè pa á láṣẹ pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ọwọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tó bá sì fi í lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn àṣẹ yẹn, òun ni kó wá dáhùn nígbà tí ìṣó bá wọlé sí ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ.