Odò Ọ̀tìn kọ́ ló bí owó ẹyọ

Nínú ọjà Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù, olórìṣà tó ń dá ẹ̀ẹ́rìndínlógún ń ra owó ẹyọ, onídìrí ń rà á, aránṣọ òge náà ń rà á. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé omi ló ń gbé e dà sétí òkun, tí wọ́n kàn ń ṣà á bí ẹní ń ṣa àgbálùmọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìbátan ìgbín ni ẹ̀dá tó ń gbé inú rẹ̀. Odò Ọ̀tìn kò ní in. Erékùṣù Maldives, nínú Òkun Íńdíà, ni ọ̀pọ̀ èyí tí àwọn baba wa kọ́kọ́ ná ti wá. Àwọn ará ibẹ̀ a máa ju imọ̀ àgbọn sínú omi kí ẹ̀dá náà lè lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n á fà á jáde, wọ́n á rì í mọ́ iyanrìn títí ẹran inú rẹ̀ á fi jẹrà, wọ́n á wá fọ̀ ọ́. Ọkọ̀ á gbé e lọ sí Bengal àti Ceylon, á dé Amsterdam àti London, kó tó gúnlẹ̀ sí Ouidah, níbi tí wọ́n ti fi í ra èèyàn. A kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún ọmọ wa.

Lẹ́yìn 1845, àwọn oníṣòwò Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú mìíràn, tó ní òrùka aláwọ̀ wúrà lẹ́yìn, wá láti Zanzibar. Wọ́n kó o wá débi pé iyì rẹ̀ já wálẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, di ẹrù tó ń wọ alárù lọ́rùn. Òun náà la ṣì ń ná nígbà ogun Jálumi ní Ìkìrun ní 1878. Ní 1904 ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó o wọlé.

Lónìí, Philippines, Indonesia àti Íńdíà wà lára àwọn tó ń kó ìkarahun òkun tà fún gbogbo ayé. Èyí tó ń dán lórí àtẹ kì í sábà jẹ́ òkú tí òkun gbé dà sílẹ̀, torí oòrùn àti iyanrìn a máa pa dídán rẹ̀. Láàyè ni wọ́n ń mú un, ilé tó ń gbé ni wọ́n sì ń torí rẹ̀ pa á. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu, ti ń ṣọ́ òwò ìkarahun nautilus, ẹ̀dá òkun mìíràn, láti 2017, ṣùgbọ́n owó ẹyọ kò sí lábẹ́ ààbò yẹn.

A kò ní kí olórìṣà tàbí aránṣọ jáwọ́. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí alágbàtà bi ẹni tó tà á fún un níbi tó ti kó o wá. Owó ẹyọ àtijọ́ ṣì wà nínú ìkòkò àwọn àgbà wa. Ẹ má dà á nù nígbà tí ẹ bá ń wó ilé bàbá yín, ẹni tó nílò rẹ̀ ni kí ẹ tà á fún. Kí olùkọ́ ìtàn ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn àti Odò-Ọ̀tìn gbé ẹyọ kan lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kó sì fi Maldives hàn án lórí àwòrán ayé. Àwọn ọlọ́jà Ìkìrun lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tiwọn lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀.