Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Ya Àwòrán

Nígbà tiwa, àkọ́sórí ni a fi mọ sine àti cosine igun 30°, 45° àti 60°, kò sì burú. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngán ìdánwò, sine 30° a máa gba ipò sine 60° lọ́kàn ọmọ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ odídẹrẹ́ lásán ni ó ń sọ.

Èrò wa ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ ya onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 2, kí ó sì là á sí méjì ọgbọọgba láti òkè. Ẹ̀gbẹ́ ìdajì rẹ̀ yóò jẹ́ 1, √3 àti 2. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú jù ni ó ń kọjú sí igun tó kéré jù. Nítorí náà sine 30° jẹ́ 1/2, sine 60° sì jẹ́ √3/2. Òdìkejì èyí ni cosine. Ní ti 45°, ẹ̀gbẹ́ méjì dọ́gba, 1 àti 1, ẹ̀kẹta jẹ́ √2. Sine àti cosine rẹ̀ kò yàtọ̀, 1/√2 ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye lọ́wọ́ ọmọ yín. Ẹ ní kí ó yà á. Ohun tí a bá lóye, bí a tilẹ̀ gbàgbé rẹ̀, a mọ ọ̀nà tí a ó gbà wá a rí.