Wáyà Mẹ́rin Nínú Okùn Kan

  

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni àwa máa ń pe ìyá mi ní Ìbàdàn lórí fídíò. Ní Sọ́ńdè yẹn, ojú wọn á yọ, á dúró sójú kan, á tún pòórá. Nígbà tó yá, a ò rí wọn mọ́ rárá. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bi mí pé, "Mọ́mì, kí ló ṣe Màmá Àgbà?" Mo ní kò sóhun tó ṣe wọ́n, wáyà ló já lábẹ́ òkun. Ó ní, "Lábẹ́ òkun? Kí ló dé tí omi ò fi ti wọ inú ẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, àmọ́ mi ò tíì sọ gbólóhùn méjì tán tí mo fi bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ pé màá yí i padà, torí Yorùbá ò wà fún irú ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní, "Kí wá ni Yorùbá wà fún?" Ó ní, "Wá jẹun. Lọ wẹ̀. Ṣé o ti kí wọn?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí pé òótọ́ ni. Yorùbá tó ń gbọ́ lẹ́nu mi ò ju ìkíni, oúnjẹ àti ìbáwí lọ. Bí mo bá fẹ́ sọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń fi sọ ọ́. Ṣé ẹ̀bi èdè nìyẹn àbí ẹ̀bi tèmi? Mo lọ jókòó, mo kàwé nípa wáyà, mo sì padà wá sọ ọ́ fún un ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹ̀yin náà lè sọ ọ́ fún àwọn tiyín.

Bàbà ló wà nínú wáyà, iná mànàmáná sì máa ń sáré gba inú bàbà. Àmọ́ gbogbo ìgbà ni iná ń wá ọ̀nà àtisá lọ. Bí wáyà méjì tó wà níhòhò bá fara kanra, iná inú ọ̀kan á bọ́ sínú èkejì. Bí omi òkun bá kan wáyà, iná á gba inú omi lọ, kò ní dé ibi tí wọ́n rán an. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó wáyà púpọ̀ sínú okùn kan ò lè dì wọ́n bí ẹni di ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọṣọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ná.

Ní oṣù keje ọdún 1837, William Cooke àti Charles Wheatstone dán ẹ̀rọ tẹlígíráàfù wọn wò láàárín Euston àti Camden Town ní Lọ́ńdọ̀nù. Abẹ́rẹ́ márùn-ún ló wà lójú pátákó ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ wọn. Bí abẹ́rẹ́ méjì bá yí, lẹ́tà tí àwọn méjèèjì bá jọ nàka sí ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó pọ̀ báyẹn ń fẹ́ wáyà tó pọ̀, àwọn wáyà náà sì gbọ́dọ̀ jọ rìn pọ̀ lójú ọ̀nà kan láìfi iná fún ara wọn. Ogún lẹ́tà péré ni pátákó náà gbà. C, J, Q, U, X àti Z ò sí níbẹ̀. Ni ọmọ mi bá ka ábídí sórí ìka, ó ní, "Ṣebí Yorùbá ò ní C, Q, X àti Z tẹ́lẹ̀!" Ẹ ò rí i? J àti U ni à bá máa wá, àti àmì tó wà lábẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ.

Nígbà tó di 1839, ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ létí ojú irin Great Western, láti Paddington dé West Drayton, máìlì mẹ́tàlá. Wọ́n fi fọ́nrán wé àwọn wáyà náà, wọ́n sì kó wọn sínú páìpù irin. Àmọ́ ọ̀rinrin ò yé ráyè wọlé, aṣọ tó bá sì ti tutù ò lè dá iná dúró mọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa ẹ̀rọ náà dé Slough ní 1843, orí òpó ni wọ́n gbé wáyà sí, wọ́n sì dín abẹ́rẹ́ kù. Lórí òpó, atẹ́gùn ló wà láàárín wáyà kan sí èkejì, ìyẹn sì tó láti yà wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ri òpó láti Dover dé ilẹ̀ Faransé?

Ibẹ̀ ni oje igi ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Igi kan ń hù nínú igbó Màléṣíà, Sumatra àti Borneo. Gutta-percha ni wọ́n ń pe oje rẹ̀. Tí oje yìí bá gbẹ, ó máa le. Tí o bá kì í bọ omi gbígbóná, á rọ̀, wàá lè mọ ọ́n bó o ṣe fẹ́. Tó bá tún tutù, á le padà, á dúró bí o ṣe mọ ọ́n. Ọdún 1843 ni dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Singapore, William Montgomerie, jẹ́ kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù mọ ìwúlò rẹ̀. Ní 1848, Michael Faraday kọ̀wé pé ó dára púpọ̀ fún dídá iná mànàmáná dúró. Òtútù ìsàlẹ̀ òkun kì í sì í bà á jẹ́; inú òtútù gan-an ló ti máa ń pẹ́.

Ilé iṣẹ́ Gutta Percha Company ní Wharf Road, Lọ́ńdọ̀nù, ló ń fi oje yìí wọṣọ fún wáyà. Wọ́n á fọ oje náà, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó nínú ooru bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, wọ́n á sì fi asẹ́ wáyà sẹ́ èèpo igi àti iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó o sínú ẹ̀rọ. Wáyà bàbà á máa gba àárín ihò kan kọjá, oje gbígbóná á máa dì mọ́ ọn lára yíká bó ṣe ń jáde, á sì bọ́ sínú omi tútù kó lè le. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dáa, wọ́n á ri wáyà tó ti wọṣọ yìí sínú omi, wọ́n á sì rán iná sínú ẹ̀. Bí iná bá ń jò, ihò wà níbì kan nìyẹn. Ọmọ mi ní, "Bí a ṣe ń wá ihò lára táyà kẹ̀kẹ́!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1850, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, John àti Jacob Brett, jẹ́ kí wọ́n fa irú wáyà yìí láti Dover lọ sí ilẹ̀ Faransé. Wáyà kan ṣoṣo ni, gutta-percha sì nìkan ló wà lára rẹ̀. Ó fúyẹ́ débi pé wọ́n ní láti so òjé mọ́ ọn kó tó rì. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, kò sì já geere. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti dákẹ́. Wọ́n ní apẹja kan ló fi irinṣẹ́ rẹ̀ hú u sókè, tó sì gé e. Ṣé ẹ rí i, wáyà náà wọṣọ, àmọ́ aṣọ nìkan ò tó ẹni tó ń lọ sójú ogun.

Ní 1851, wọ́n tún un ṣe. Thomas Crampton ni onímọ̀ ẹ̀rọ tó bójú tó o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Wọ́n mú wáyà bàbà mẹ́rin. Wọ́n fi gutta-percha bo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, pé bí ihò bá wà lára ìbora àkọ́kọ́, kí èkejì lè dí i. Wọ́n wá lọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bí ẹni ran okùn. Wọ́n fi fọ́nrán okùn tí wọ́n ti rẹ sínú ọ̀dà dí àlàfo tó wà láàárín wọn, wọ́n sì fi irú okùn yẹn náà wé gbogbo rẹ̀ lódindi. Lórí gbogbo ìyẹn, wọ́n lọ́ wáyà irin nínípọn mẹ́wàá mọ́ ọn lára yíká. Ohun tó jáde nínípọn, ó sì wúwo: máìlì kan rẹ̀ tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù méje, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi máìlì márùndínlọ́gbọ̀n.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, wọ́n ń tú u sínú òkun. Ìjì ń tì wọ́n kúrò lójú ọ̀nà, okùn náà sì tán kí wọ́n tó dé èbúté Faransé. Wọ́n ní láti wá wáyà mìíràn tó ti wọṣọ so mọ́ ọn kó tó gúnlẹ̀. Ní oṣù kọkànlá, ará ìlú ti ń fi í ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù sí Paris. Wáyà mẹ́rin nínú okùn kan, kálukú ń jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé ọ̀rọ̀ lè gba abẹ́ òkun kọjá lóòótọ́.

Mi ò fi èyí tó burú níbẹ̀ pa mọ́ fún ọmọ mi, ẹ̀yin náà ẹ má fi pa mọ́. Oje igi gutta-percha kì í ṣàn bí oje igi rọ́bà. Nítorí ìyẹn, àwọn tó ń kó o máa ń gé igi náà lulẹ̀ ni, oje tí wọ́n sì ń rí lára igi kan ò tó nǹkan. Bí wáyà ṣe ń pọ̀ lábẹ́ òkun ni igi ń dínkù nínú igbó. Ọmọ náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé wọn ò lè gbin òmíràn ni?" Nígbà tó yá, wọ́n gbìn ín, àmọ́ ọ̀pọ̀ igbó ti lọ.

Ní 1886, wáyà abẹ́ òkun dé Èkó. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù kúrò ní ohun tí ọkọ̀ ojú omi nìkan ń gbé. Àwọn baba wa ò sì wá ọ̀rọ̀ tì. Wọ́n ní wọ́n "tẹ wáyà." Ó tẹ wáyà sílé. Wáyà ti dé. Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ rí lẹ́nu àwọn àgbà? Lónìí, gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí ló rọ́pò bàbà, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú ẹ̀. Àmọ́ ọgbọ́n yẹn náà ni: bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó wọn pọ̀, kí o sì fi irin dáàbò bò wọ́n níbi tí omi ò ti jìn. Títí dòní, ìdákọ̀ró àti àwọ̀n apẹja ṣì wà lára ohun tó ń ba wáyà òkun jẹ́ jù.

Iṣẹ́ ọwọ́ tiyín rèé fún òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ wá òwú mẹ́rin tí àwọ̀ wọn yàtọ̀. Ẹ fi amọ̀ ìṣeré àwọn ọmọdé bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí òwú má ṣe yọjú rárá. Ẹ lọ́ wọn pọ̀, ẹ fi òwú wúlì wé e, kí ẹ wá lọ́ okùn mẹ́wàá mọ́ ọn níta. Apá kan náà ni kí gbogbo yín máa lọ́ okùn náà sí o! Nígbà tí wọ́n ń ṣe wáyà tí wọ́n fà lọ sí Amẹ́ríkà ní 1858, ilé iṣẹ́ méjì ló pín iṣẹ́ náà ṣe, ọ̀kan lọ́ irin tirẹ̀ sí apá kan, èkejì lọ́ tirẹ̀ sí òdìkejì, ó sì di wàhálà láti so wọ́n pọ̀. Bí ẹ ti ń ṣe é, Yorùbá nìkan ni kí ẹ máa sọ: bò ó, wé e, lọ́ ọ, dì í mú, ó ti já, tún un so. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá wá sí yín lẹ́nu, ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀. Ẹ má sáré lọ yá ti Gẹ̀ẹ́sì.

Tiwa wọ́, amọ̀ sì gbẹ sára kápẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dáa, ọmọ mi gbé e síwájú fóònù, ó sì ń ṣàlàyé fún Màmá Àgbà. Ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá ló wà nínú ẹ̀." Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Bàbá ta ni wọ́n kì sínú wáyà? Bàbà ni, ọmọ mi. Bàbà." Ọmọ náà tún un sọ títí ó fi já gaara.

Ni wọ́n bá sọ ohun tí èmi gan-an ò gbọ́ rí. Wọ́n ní nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó tẹ wáyà sí wọn. Iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń gbowó nígbà yẹn, kò sì sówó lọ́wọ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: MO TI DÉ.

Ọmọ mi bi wọ́n pé, "Màmá Àgbà, ṣé abẹ́ òkun ló gbà?"

Wọ́n ní, "Èmi ò mọ ibi tó gbà, ọkọ mi. Mo kàn mọ̀ pé ó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ẹ bi àwọn òbí yín léèrè nípa wáyà tiwọn kí a tó tún pàdé. Ó dìgbà kan ná o.